Bí Mo Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Sẹ́nu Ìdílé Ajíràwọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, iwájú ilé adìyẹ ni ọlọ́kadà já mi sí. Mo rò pé ó ṣìnà ni. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ni mo ní kó o gbé mi lọ."

Ó nawọ́ sí ẹnu géètì. "Màmá, ibẹ̀ náà nìyí. Ọkọ̀ wọn wà nínú."

Mo wọlé, mo sì bá ọkọ̀ lóòótọ́. Ó gùn tó yàrá mẹ́ta. Páànù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n kan àwo sátẹ́láìtì mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí erin, àga bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni wọ́n sì tò sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn ni wọ́n pè é. Adìyẹ mẹ́ta tí wọn ò rí kó nígbà tí ẹni tó ni ilé náà pa iṣẹ́ adìyẹ tì ṣì ń jẹ̀ kiri lábẹ́ rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni ilé náà wà. Mi ò ní dárúkọ abúlé yẹn, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí tẹ́lẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lágelú. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Báyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, ló pè mí lórí fóònù. Ó ti di ọ̀gá tó ń darí fíìmù.

"Tíṣà," ó ní, "mo ń ṣe fíìmù alápá púpọ̀ nípa ìdílé ọba kan tó ń ṣàkóso ayé méje nínú ìràwọ̀. Ìtàn wà, ọkọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ò dùn ún gbọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ṣáà wá wò ó fúnra yín, mà."

Ìtàn náà ò le. Ọba Ajíràwọ̀ wàjà, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Adéọlá, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ni ipò tọ́ sí. Àbúrò ọba, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, wá gba ẹ̀yìn yọ, ó gbé adé dé orí ara rẹ̀. Ni Adéọlá bá kó àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì sínú ọkọ̀, wọ́n sá lọ. Láti ayé kan dé èkejì ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbè sẹ́yìn wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lọ́nà lórí ẹni tó jẹ ẹran tó kù nínú ìkòkò.

Àmọ́ nígbà tí mo ka ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ eré sí, orí ń fọ́ mi. Ọ̀tá ló dé, àbúrò ń ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ pé: "Ọ̀gágun, a wà lábẹ́ ìkọlù! Mo dámọ̀ràn ìpadàsẹ́yìn!"

Mo bi Báyọ̀ pé, "Ta ló bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

Mo mú bírò, mo fagi lé e, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti dé o! Ẹ jẹ́ ká sá!" Ọmọkùnrin tó fẹ́ sọ ọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi o. Ní apá kejì, mo jẹ́ kí àbúrò yẹn pariwo mọ́ Adéọlá lójú ìjà pé, "O ò rí wọn ni?" Mo ronú pé nínú ogun, ta ló ráyè ọ̀wọ̀? Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ajíbọ́dè. Obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ rí orúkọ Ajíràwọ̀ lórí ìwé mi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́?" ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé torí pé wọ́n wà nínú ìràwọ̀ ló ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 'o'?"

Mo ní, "Ogun ni wọ́n ń jà nígbà yẹn, ìyá mi."

"Tí ogun bá wá tán ńkọ́? Ṣé kò ní jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ mi ní ohun kan: lẹ́nu Yorùbá, "o" kan ṣoṣo tó bọ́ sí ipò "ẹ" lè ṣe ohun tí ìbọn ò lè ṣe. Nígbà tí a dé apá kẹfà, tí ìtàn padà sẹ́yìn sí ìgbà tí ọba wàjà, tí mo fẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ̀ pé Bàbá Kékeré ti ń di rìkíṣí, mi ò fún un ní ohun ìjà kankan. Títí ọba fi wàjà, "Olorì, ṣé ẹ jí dáadáa?" ló máa ń sọ fún ìyá Adéọlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ikú ọba, ó wọlé, ó ní, "Olorì, o ti jí?" Àwọn tó wò ó ní àyà àwọn já.

Apá keje ni wàhálà dé. A fẹ́ ṣe síìnì kan, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí kámẹ́rà máa yà lójú kan, níbi tí Bàbá Kékeré ti ń bá àwọn afọbajẹ sọ̀rọ̀ kó tó dé adé. Báyọ̀ ní kí àwọn àgbààgbà abúlé náà gan-an ṣe afọbajẹ, nítorí kò sí òṣèré tó lè jókòó bí ẹni tó ti ń parí ìjà láti ogójì ọdún. Wọ́n fi aṣọ tó ń dán bíi fàdákà bò wọ́n léjìká. Bàbá Àkàndé, àgbẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún, ló jókòó sí àárín.

Òṣèré tó ń ṣe Bàbá Kékeré wá sọ ohun tí mo kọ: "Adéọlá kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí, láàárín ìràwọ̀ méjì. Ẹni tí a ò bí sórí ilẹ̀ wa, ṣé a lè gbé adé wa lé e lórí?"

Àwọn àgbà yòókù mi orí bí a ṣe ní kí wọ́n mì í. Bàbá Àkàndé dìde. Ó bọ́ aṣọ fàdákà, ó ká a, ó gbé e lé àga, ó sì ń lọ sílé.

Báyọ̀ ń pariwo láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, "Ó dáa gan-an! Ẹ má dúró! Ẹ máa yà á lọ!" Ó rò pé eré ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá àgádágodo lẹ́nu géètì, àwọn ọkùnrin mẹ́fà láti ilé Bàbá Àkàndé sì jókòó síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Baálẹ̀ abúlé náà ti kú láti bí ọdún kan, ilé méjì ló sì ń du oyè náà. Ilé kan fa Bàbá Àkàndé kalẹ̀, èkejì fa Bàbá Jímọ̀. Gánà ni wọ́n ti bí Bàbá Àkàndé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, kó tó di pé wọ́n gbé e wálé ní kékeré. Àwọn ará ilé Bàbá Jímọ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu ju pé, "A kì í fi ará Gánà jẹ Baálẹ̀." Èyí ló mú kí ilé Bàbá Àkàndé gbà pé àwọn ọ̀tá àwọn ló bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Àwọn ará ilé kejì náà ò ràn wá lọ́wọ́: wọ́n ń yọ̀ kiri pé àwọn onífíìmù pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń ti ara wọn nídìí omi ẹ̀rọ, wọ́n sì ti fa aṣọ ẹnì kan ya.

Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ọmọbìnrin tó ń ṣe Adéọlá lọ kàwé lókè òkun. Ọkọ̀ wa wà nínú àgádágodo. Báyọ̀ ti ń sunkún díẹ̀díẹ̀.

"Tíṣà, ta ló sọ ọ̀rọ̀ Gánà yìí fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi."

Òótọ́ ni. Àmọ́ mo mọ ibi tí mo ti rí i. Gánà ni wọ́n bí bàbá tèmi sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Lálúpọ́n, àbúrò bàbá mi dìde lójú ẹbí, ó ní ẹni tí wọn ò bí sílé kò lẹ́nu lórí ilẹ̀ ìdílé. Bàbá mi di ẹrù rẹ̀, ó lọ, kò sì padà síbẹ̀ títí ó fi kú. Èmi náà ò dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi yìí láti ọdún yẹn. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ inú ìràwọ̀ ni mò ń kọ.

Mo sọ fún Báyọ̀ pé kó má tẹ̀ lé mi. Mo mú ìwé eré náà dání, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkàndé.

"Ta ló rán yín sí mi?" wọ́n bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá. Ọ̀rọ̀ bàbá tó bí mi ni mo kọ, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín náà ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Lálúpọ́n?"

"Lálúpọ́n ni, sà."

"Bàbá yín ò sì padà síbẹ̀ mọ́?"

"Wọn ò padà, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé méjèèjì pàdé nínú kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé. Mo kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi, mo wá ka ìtàn Ajíràwọ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ ọ́ dé, mo pa ìwé dé.

"Ó tán?" Bàbá Jímọ̀ ló bèèrè.

"Mi ò tíì kọ èyí tó kù, sà."

"Háà! Báwo lẹ ṣe wá fẹ́ parí ẹ̀?"

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí Adéọlá fi iná sun ààfin. Bàbá Àkàndé ní, "Ṣé eérú ló fẹ́ jọba lé lórí?" Bàbá Jímọ̀ ní òótọ́ ni Àkàndé sọ, pé ẹni tó bá sun ààfin ti sun ìdílé. Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn.

Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n Bàbá Jímọ̀, tó dàgbà jù nínú gbogbo ọmọ abúlé, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

"Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí kọ́ ni ilé rẹ̀," wọ́n ní. "Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀ bí wọn ò bá rí i, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀." Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn. "Jímọ̀, nígbà tí Àkàndé fi wà ní ọsibítù lọ́jọ́sí, ta ló ń bèèrè rẹ̀ láràárọ̀?"

Bàbá Jímọ̀ wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní èmi ni, ẹ̀gbọ́n!"

Ẹ̀rín bú jáde láti apá ọ̀tún àti apá òsì. Bàbá Àkàndé pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ṣí géètì.

Mo tọrọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ Ìyá Àbẹ̀ní fún apá kẹjọ. Wọ́n ní àwọn ò ní í yá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ àwọn, àfi kí àwọn fúnra àwọn wá sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe di àgbà obìnrin ayé méje nìyẹn. Wọ́n kọ aṣọ fàdákà, wọ́n ní ó jọ agolo mílíìkì. Ìró àti bùbá tiwọn ni wọ́n wọ̀ dé ìràwọ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì dáa. Báyọ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ Bàbá Kékeré gbiná ní ìparí. Mo ní rárá, kó sọ̀ kalẹ̀, kó dojú bolẹ̀, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Adéọlá. A parí rẹ̀ ku ọ̀la tí ọmọbìnrin yẹn máa wọkọ̀ òfuurufú.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé fíìmù wa ló parí ọ̀rọ̀ oyè. Wọ́n fà á títí, ẹnì kẹta tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí ló wá jẹ Baálẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹlòmíràn ní ará Gánà lábúlé yẹn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ kọ irú fíìmù yìí ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí láti kọ́ṣẹ́. Wọ́n máa ń bi mí nípa ìbọn àti ọkọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, láàárín gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, ta ló ń bá ta bínú.

Ọ̀sẹ̀ tí apá kẹjọ jáde ni mo gba Lálúpọ́n lọ. Àbúrò bàbá mi jókòó síta, wọ́n ti gbó gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Mo gbọ́ pé o ń ṣe fíìmù," wọ́n ní. "Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé mo hùwà dáadáa?"

"Ẹ ò hùwà dáadáa títí di apá kẹjọ."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní apá kẹjọ?"

"Ẹ tọrọ àforíjì, sà."

Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi, wọ́n ń wo ọ̀nà.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n wá fa àga kan sún mọ́ ara wọn. "Jókòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún mi láti apá kìíní."