Okùn Tó Wà Níwájú Bẹ́ẹ̀dì Ààrẹ

Inú Twyla fu, àyà rẹ̀ fu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ta ni kò ní bẹ̀rù? Aládùúgbò ló pè é láti Ohio pé ìyá rẹ̀, Lorene Haverkamp, gbé ìkòkò kaná, ó sì bá tiẹ̀ lọ sọ́jà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbóòórùn èéfín! Ẹ̀gbọ́n Twyla ọkùnrin ní kí wọ́n kó màmá lọ sílé àwọn arúgbó kíá, ṣùgbọ́n Twyla yarí.

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mímú àlejò yí ilé Ààrẹ àtijọ́ ká látìgbà tí Dádì ti kú? Ẹ jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i. Bí kò bá ṣìnà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò nílé ẹ̀."

Ló bá lọ sí Ohio, ó bá àwọn àlejò tí ìyá rẹ̀ ń mú kiri wọ ilé Ààrẹ. Ààrẹ ọ̀hún ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ará ìlú sọ ilé náà di ibi ìrántí, wọn kò jẹ́ kí ṣíbí kan kúrò nípò. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lára ìkọ́. Okùn pupa wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, èèwọ̀ sì ni kí èèyàn kọjá rẹ̀. Ọmọ tó bá fara tì í níṣojú Lorene, á gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ gbọ́.

Ní yàrá ìjẹun, Lorene ṣàdédé dákẹ́, ó tẹjú mọ́ abọ́. Twyla sún mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan ní, "Màmá, àbí ẹ̀yin àti Ààrẹ jọ jẹun níbí ni?"

"Ká ní mo bá a jẹun ni, ṣé irú ẹ ni màá máa mú kiri?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ àwọn ọmọ Ààrẹ, ti ẹṣin, ti ajá, Lorene ń dà á sílẹ̀ wàràwàrà. Twyla mí kanlẹ̀. Màmá máa padà sílé ara rẹ̀.

Wọ́n dé yàrá tó kẹ́yìn lókè. Lorene tú okùn kúrò lára ìkọ́, ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Ààrẹ. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá yìí mọ eré ṣe o!" Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Twyla nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ eré lóòótọ́.

Lorene ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè. "Twyla, dádì ẹ pẹ́ níbiṣẹ́ lónìí. Bá mi paná, ṣùgbọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ọn o."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Twyla wọlé, ó kúnlẹ̀, ó mú bàtà kan. "Ẹ dìde, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Lorene wo àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà á, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Rọra sọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n? Kí ni wọ́n ń wá nínú ilé wa?"

Twyla wọ bàtà fún un. Kò mọ ilé tí yóò mú un lọ mọ́.