Òfin Èdè Inú Pálọ̀ Ìyá Aláṣọ

Bí mo bá gbọ́ ìró abọ́ nínú omi, Ìyá Aláṣọ ni mo máa ń rántí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó tọ́ wa dàgbà ní Odoakpu, l'Ónítsà. Nígbà tá a gbòmìnira, tí rédíò ń sọ ṣáá nípa òfin ìlú àti èdè ìjọba, Ìyá ní, "Èmi náà ní ìjọba tèmi!" Ó bá ṣòfin: Yorùbá nìkan là ń sọ ní pálọ̀, kí Ígbò mọ sí àgbàlá, kí Gẹ̀ẹ́sì dúró ti bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá rú òfin ni yóò fọ gbogbo abọ́ ilé. Àwa ọmọ fọ abọ́ títí, torí Ígbò ló ti mọ́ wa lẹ́nu.

Nígbà tí ogun ń bọ̀, tí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wa sọdá afárá ti dé, obìnrin Ígbò tá a jọ ń gbélé wọ pálọ̀ wá. Ó fi Yorùbá sọ pé, "Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún ní Ígbò: "Nwanne m! Nwanne m!" Ọmọ ìyá mi ló ń pè é.

Gbogbo wa yíjú wò ó. Ìyá nujú. "Kí lẹ̀ ń wò?"

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fọ gbogbo abọ́ tá a fẹ́ fi sílẹ̀, dírẹ́bà ń fọn fèrè.