Ìdìbò Tí Wọ́n Fi Ìkúnlẹ̀ Jí

Ọdún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè lójijì, tí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé wa láti ọjà wá sí àdúgbò wa lẹ́bàá ọ̀nà Ìjàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlọ́po owó, ọdún náà ni wọ́n jí ìbò lójú mi nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó-Èkìtì. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ròyìn ìdìbò fún rédíò kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí àpótí ìbò tí wọ́n gbé sá wọ inú igbó. Mo ti rí tọ́ọ̀gì tó yọ àdá lójú ọlọ́pàá. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí kò ní àdá nínú, kò sì ní ọlọ́pàá. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi jí i. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní í fi bò fún yín.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá ti kọ́lé síbẹ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́, èmi náà sì wà níbẹ̀. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni à ń ṣèpàdé nínú kíláàsì ilé-ìwé náà, lẹ́yìn tí a bá ti gbá àyíká wa tán. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti wà, ọkùnrin ló ń ṣe alága. "Ìyá ẹgbẹ́" ni wọ́n ń pe àwa obìnrin tó nílé, iṣẹ́ wa kò sì ju pé ká pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ nígbà tí ìpàdé bá parí.

Ìyá Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ dupò alága. Opó ni. Símẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ló ń tà. Nígbà tí tíránsífọ́mà wa jó, tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, alága ìgbà náà ní ká máa gbàdúrà. Ìyá Bùkọ́lá gbé àga rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá wọn láràárọ̀, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ló sì ń ro ẹjọ́ wa fún. Nígbà tí ojú ti ọ̀gá náà tó, ó ní kí wọ́n lọ gbé òmíràn fún wa. Lọ́jọ́ tí iná dé, àwọn ọkùnrin gan-an ló ń pariwo pé, "Ẹni tó yẹ kó ṣe alága rèé!"

Mo bá a polongo láti ojúlé dé ojúlé. Títò sẹ́yìn ẹni tí a fẹ́ ni a fi ń dìbò, mo sì mọ̀ pé ìlà tirẹ̀ ni yóò gùn jù. Káyọ̀dé ni wọ́n fi figa gbága pẹ̀lú rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Bàbá Ajíbádé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí àwọn àgbà ẹgbẹ́. Òun ni yóò darí ìdìbò.

Níbi ìpàdé tó ṣíwájú ìdìbò, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ dìde. Ó ń sọ̀rọ̀ títì lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Ajíbádé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun lòun mú kí ìjọba da ọ̀dà sí títì náà nígbà kan.

"Irọ́ lẹ pa, Bàbá!" ni Káyọ̀dé wí. "Ẹ ò tíì kọ́lé síbí nígbà yẹn!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ gbá itan. "Ọmọ yìí á pa mí!"

Ó wá kan Ìyá Bùkọ́lá. Ó tẹ orúnkún kí àwọn àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gọ́tà tí omi òjò ń ya nínú rẹ̀ wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ jìnnà tí Bàbá fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyàwó wa, rọra ná. Ulé tí obìnrin nìkan bá kọ́, a máa ń béèrè ẹni tó bá a kọ́ ọ. Ọkọ rẹ ti kú kí o tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń já símẹ́ǹtì fún ọ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn kì í tètè lọ, àwa náà lójú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí Ìyá Bùkọ́lá tó di ẹ̀yìn bẹ́ńṣì iwájú rẹ̀ mú.

"Irọ́ ni ẹ pa, sà," ni ó wí, kò tilẹ̀ pariwo. "Èmi ni mo kọ́lé mi. Èmi àti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ la jọ po yanrìn."

Kíláàsì dàrú. "Háà! Ó pe àgbà lópùrọ́!" "Ẹ gbọ́ ẹnu obìnrin!" Káyọ̀dé náà dìde, ojú rẹ̀ le bíi ti olùkọ́.

"Màmá, ìyẹn ò dáa o. Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. A kì í sọ pé àgbà purọ́."

Mo dìde. "Káyọ̀dé, ìwọ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán níbí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín."

"Màmá Oníròyìn, àwàdà ọkùnrin sí ọkùnrin nìyẹn."

"Èyí tí Bàbá sọ sí opó ńkọ́? Àwàdà ta ni ìyẹn?"

Bàbá Ajíbádé dá mi lóhùn. "N kò sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni mo bi. Ẹ fi fẹ́mínísì yín sílẹ̀ ní rédíò. Àwa, ọmọlúàbí la jẹ́ níbí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ba orúkọ opó jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbéèrè ló bi. Opó tó gba orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, àfojúdi ló ṣe. N kò kórìíra ìtẹríba. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó jù mí lọ títí dòní, "ẹ" ni mo sì ń lò fún wọn. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ méjèèjì ló wà nínú òwe náà. Èwo ni ti ẹ̀kọ́ ilé tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló máa ń dùn? Wọ́n ní fẹ́mínísì, ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, kì í ṣe àṣà wa. Ṣé bíba opó lórúkọ jẹ́ wá ni àṣà wa?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n ní àfi kí Ìyá Bùkọ́lá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá lójú gbogbo ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í dupò.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àpò símẹ́ǹtì, àwa obìnrin jà á débi pé oníbàárà kan padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ, ní kó lọ kúnlẹ̀.

"Ìkúnlẹ̀ kì í gé obìnrin lẹ́sẹ̀. Kúnlẹ̀, gba ipò rẹ, kí inú wọn máa dùn lọ."

Bùkọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, kò gbà. "Màmá mi, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi ló ń bẹ̀bẹ̀."

"Ìwọ, fẹ́mínísì yín yìí ni kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ rọ́kọ fẹ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ, Ìyá Ìjọ, ṣé wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ni?"

"Ẹ wá gbọ́ ẹnu ọmọ yìí o!" Ìyá Ìjọ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa á.

Èmi ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ àfi bí Bàbá náà bá kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ. Ìyá Ìjọ bá tọ Bàbá lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ara rẹ̀ yá gágá. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi. Ó ní bó bá ti lè kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Ìyá Bùkọ́lá wo gbogbo wa. "Nítorí gọ́tà yẹn, n ó kúnlẹ̀."

Lọ́jọ́ ìdìbò, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì kíláàsì náà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú."

Bàbá yíjú sí àwọn tó jókòó sẹ́yìn. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún? Ẹ ní kó gbé ohùn sókè."

Ó tún un sọ. Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Bùkọ́lá gbọn eékún rẹ̀ nù, ó bọ́ síwájú kí àwọn ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Rárá o," ni Bàbá Ajíbádé wí. "Ìwọ fúnra rẹ ti gbà níwájú gbogbo wa pé o ṣe àfojúdi sí àgbà. Òfin ẹgbẹ́ wa sì sọ pé ẹni tó bá jẹ̀bi àfojúdi kò lè dupò lọ́dún náà. Bí o kò bá kúnlẹ̀ ni, à bá ṣì máa jiyàn."

Ìyá Ìjọ fò dìde. "Bàbá! Ẹnu yín lẹ fi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti parí!"

"Ṣé kò wá parí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè dárí jì.

Ìyá Ìjọ, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní ìpàdé àfi bó bá ń gbàdúrà, na ìka sí Bàbá Ajíbádé. "Irọ́ ni ẹ pa! Ẹ gbọ́ o, irọ́ ni ẹ pa!" Obìnrin kan gbè é lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo wa fi ń wí i. Mo ní, "Bó bá jẹ́ àfojúdi nìyẹn, ẹ lé gbogbo wa!" A sì tò sẹ́yìn Ìyá Bùkọ́lá bó ti wù kó rí. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan kúrò lẹ́yìn Káyọ̀dé, wọ́n wá bá wa. Ìlà wa yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó dé ìdí igi máńgòrò ìta. Akọ̀wé kò kà á. Bàbá ní kó má kà á. Wọ́n kéde pé Káyọ̀dé wọlé láìní alátakò, nígbà tí alátakò rẹ̀ dúró síbẹ̀ tí àwa sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí a jèrè, n ó sọ ọ́, kò pọ̀. Láti ọjọ́ náà, obìnrin kankan kò pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ní ìpàdé wa. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ mú un. Ìyá Ìjọ ti ń jókòó síwájú, ó sì ń sọ̀rọ̀. A jà títí wọ́n fi kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó bá ba ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, ì báà jẹ́ àgbà, ó jẹ̀bi bákan náà. Ohun tí a pàdánù ju ìyẹn lọ. Omi òjò ṣì ń wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀, ẹni tí ì bá sì dá a dúró kò wá sí ìpàdé mọ́.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí Káyọ̀dé wá. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣe igbákejì mi. Bàbá Ajíbádé ló rán mi. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dun àwọn."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ ilé mi, kíláàsì kún. Sọ fún wọn pé mo ṣì mọ ọ̀nà ilé-ìwé náà. Sátidé tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, n ó wá jókòó, n ó gbọ́."

A ti ṣèpàdé lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà. Bàbá Ajíbádé ló máa ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kí gbogbo wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ. Kò tíì ránṣẹ́ sí Ìyá Bùkọ́lá.