Onítáìlì Tí Wọ́n Tì Mọ́nú Balùwẹ̀

Wọ́n ní Àǹtí Aránṣọ ti onítáìlì mọ́nú balùwẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní kò fún un lómi, kò fún un lóúnjẹ, àfìgbà tó bẹ̀bẹ̀ pé òun ti dín owó iṣẹ́ òun kù. Àwọn kan tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i: wọ́n ní tépù aránṣọ ló fi dè é tọwọ́-tẹsẹ̀. Obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, tí etí rẹ̀ kì í gba ìsinmi, sì búra pé òun gbọ́ ọ ketekete: "Ẹ ò ní jáde níbí lónìí!"

Ẹni tó bá mọ Àǹtí Aránṣọ kò ní tètè jiyàn. Obìnrin náà háwọ́, àmọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi ń háwọ́. Kì í ju àgékù aṣọ nù. Ìrọ̀rí orí àga rẹ̀ nìkan, aṣọ oníbàárà bí ogún ló pàdé níbẹ̀, tí àwọn tó ni wọ́n kò sì mọra.

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé onítáìlì wọlé rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá ní ìbàdí, Sátidé ni ilé ìwòsàn fẹ́ dá wọn sílẹ̀, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọn yóò sì máa fi rìn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ balùwẹ̀ ti sán, ó rí gbágungbàgun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀: "Bí balùwẹ̀ yẹn ò bá ṣetán ní Sátidé, ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń bọ̀." Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀gbọ́n ń gbé. Àǹtí mọ̀ pé bí Màmá bá fi lè gun àtẹ̀gùn yẹn, ó dìgbà kí wọ́n tó tún sọ̀ kalẹ̀.

Onítáìlì náà, Má-fòyà ni wọ́n ń pè é. Ó dá iye kan lé ọjà àti iṣẹ́ lápapọ̀. Àǹtí wò ó tilẹ̀-tòkè.

"Ọ̀gá, ẹni tó bá gbé aṣọ wá fún mi, owó ìránṣọ ni mò ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ yọ owó ọjà kúrò, kí n gbọ́ owó iṣẹ́."

"Ẹ má fòyà, Àǹtí. Mo mọ ibi tí táìlì ti dáa."

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń fòyà. Ẹ sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́. Àǹtí bi onítáìlì méjì míì léèrè kó tó gbà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá táìlì lọ. Owó náà wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Àmọ́ ọgbọ́n aránṣọ ló fi rajà. Ó wọn ilẹ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ dá búláòsì fún un, ó ro bí gígé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe wọnú ara wọn, ó sì ra táìlì géérégé, láìlé ẹyọ kan. Ó tún ń yangàn. Aṣọ kì í fọ́ téèyàn bá ń gé e. Ta ni kó wá sọ fún un pé táìlì ń fọ́?

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Má-fòyà gé ọ̀kan, ó là gbàù. Ó gé òmíì, ó là.

"Àǹtí, ẹ bá mi mú àfikún wá."

"Àfikún kẹ̀? Ṣebí mo wọ̀n ọ́n."

Má-fòyà jókòó sórí korobá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Àṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún ilẹ̀!"

Àǹtí pe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọ̀ yẹn ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ni Má-fòyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni àtẹ̀gùn ẹ̀gbọ́n wá sọ́kàn Àǹtí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ ò ní jáde níbí lónìí!"

"Ṣé kí n bí táìlì ni?"

"Ẹ kó àfọ́kù yẹn wá."

Àǹtí kó gbogbo odidi síbi tí ọ̀pá Màmá máa tẹ̀. Ó wá ń to àfọ́kù pọ̀ ní kọ̀rọ̀ abẹ́ básíìnì, bó ṣe máa ń to àgékù aṣọ fún ìrọ̀rí.

"Wọn kì í ṣe é báyìí o, Àǹtí."

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ ná, ká jọ wò ó."

Bí wọ́n ṣe ń jà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí Má-fòyà ń jẹ búrẹ́dì Àǹtí, tó tún ń béèrè òmíì, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ya fọ́tò kọ̀rọ̀ náà, ó ní àwọn oníbàárà òun lè fẹ́ irú ẹ̀. Nítorí fọ́tò yẹn, kò gbowó kún owó.

Ní Sátidé, Màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ó dúró," wọ́n sì wọlé.

Ní ti àtìmọ́lé, káfíntà ti yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn lọ tún ṣe láti Ọjọ́rú, kí ọ̀nà lè gba ọ̀pá Màmá. Ọjọ́ Ẹtì ló tó dá a padà.