Nọ́ńbà Tí Kútọnu Mọ̀

Ìyá mi kú ní Pọbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí ẹnu iṣẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ láìsunkún. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń kí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wọ̀ mí lára.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pín ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí Ṣábẹ̀ẹ́, ló ń tọ́jú fíìsì, ìyẹn àwọn káàdì tó kọ orúkọ, abúlé àti nọ́ńbà àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní Kútọnu tó ń lo nọ́ńbà yìí kan náà láti mọ ibi tí ajílẹ̀ yóò lọ. Orí ìwé la ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Kútọnu, àwọn náà á sì tún un tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n fo odindi ojú ìwé kan, ti abúlé Bessé. Òjò rọ̀ títí, àwọn ará Bessé ò rí ajílẹ̀ kankan.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní ẹ̀rọ ọ̀dínátẹ̀ kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà. Ó kù ká yan ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa pè mí.

“Kámáràdì, ìwọ lo kàwé jù níbí. Oníṣòwò méjì ń bọ̀. Mú ètò ẹnì kan, kí n fọwọ́ sí i.”

Mo ní ó dára. Ká ní ó ní kí n lọ gbẹ́ kànga ni, bákan náà ni ǹ bá ṣe dáhùn.

Oníṣòwò àkọ́kọ́ wọ kóòtù nínú ooru. Ètò rẹ̀ rọrùn, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ní sùúrù. Gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo ti mú bírò láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyá onífíìsì sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

“Nọ́ńbà tó wà lórí fíìsì mi ńkọ́? Ṣé yóò gbà á?”

“Rárá, Màmá. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò fún àwọn àgbẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun.”

“Àwọn ará Kútọnu ńkọ́? Kí ni wọ́n ó fi dá wọn mọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn á yanjú tó bá yá. Ìyá náà wò mí. Mo fi bírò sílẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ̀ lé e ń làágùn, ètò rẹ̀ ò sì wu ojú. Nọ́ńbà ṣáá ló kún un, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó gba nọ́ńbà ìyá náà bó ṣe wà.

“Kó má jẹ́ ẹnu lásán,” ni ìyá náà wí. “Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì lọ sí Kútọnu, ká lọ wò ó.”

Àwa méjèèjì la wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó fi gèlè rẹ̀ wé dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí ètò náà wà nínú wọn, nítorí eruku. Ní Kútọnu, ẹ̀rọ ńlá kọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò kà á. Nígbà tí wọ́n fi èkejì sí i, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá náà ń fi ìka tọ àwọn orúkọ Bessé lọ sísàlẹ̀.

“Wọ́n pé,” ló wí, ó sì nu ojú rẹ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ èmi.

Nínú ọkọ̀ tí à ń padà, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ló kú fún ọ?”

“Ìyá mi ni.”

“Oúnjẹ wo ló fẹ́ràn?”

Mo ronú títí a fi kọjá Dasa. N kò rántí. Ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Ètò kejì ni mo mú. Ní ọdún náà, ajílẹ̀ dé Bessé kí òjò tó dé. Àwọn àgbẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá náà sì yìn mí lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ní a ò nílò ẹni tó ń tọ́jú fíìsì mọ́, nítorí gbogbo nọ́ńbà ti wà nínú ẹ̀rọ. Wọ́n fún ìyá náà ní ìwé pé kó lọ sinmi.

Mo lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo lè sọ fún un pé ìyá yẹn ló yan ètò, kì í ṣe èmi. N kò sọ ọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ náà kàn ń kọjá níwájú mi ni, bí ọkọ̀ tí n kò fẹ́ wọ̀.

“Màmá, ṣé inú ń bí yín?” ni mo bi í lọ́jọ́ tó ń lọ.

“Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi yóò lọ kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn,” ló dáhùn. “Bessé ṣáà gbọ́dọ̀ rí ajílẹ̀.”

Oko kaṣú rẹ̀ ní Kaboua ló lọ. Ó tó ọdún kan kí n tó lọ kí i. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ó gún iyán, a jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, ó fi igi kaṣú tuntun tó gbìn hàn mí, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Mo kí i pé ó dàbọ̀. N kò sọ ohun tí mo bá wá.