Omi Àlùwàlá Màmá Lọ́nà Faransé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ: òṣìṣẹ́ èbúté kan ní ilẹ̀ Faransé da omi àlùwàlá ìyá mi nù.

Àwọn ọdún tí owó ń rọ̀ bí òjò ní Dublin ni. Kò sí òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa ní Citywest tí kò ra ilé sí òkèèrè, tàbí tí kì í sọ pé òun fẹ́ rà á. Èyí tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ra ilé olókùúta kan sáàárín oko ní Faransé, ó sì ní kí n kó ìdílé mi lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ya àwòrán ọ̀nà fún mi, ó sì kìlọ̀ pé inú "hot press" ni kí n ti ṣí omi. Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé.

A gbéra láti Adamstown, àdúgbò wa: èmi, ìyàwó mi, àti ìyá mi tí ó wá kí wa láti ilé. A wa mọ́tò wa wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Faransé. Màmá gbádùn rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Kí a tó gúnlẹ̀, ó pọn omi kún kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìlú tí a kò dé rí," ó ní, "a kì í fọkàn tán omi ibẹ̀."

Ní èbúté, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn mọ́tò yòókù pé kí wọ́n máa lọ, àní àwọn tí ó di ẹrù dé òrùlé. Tiwa nìkan ni òṣìṣẹ́ náà dá dúró. Ìwé wa pé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi sú u. Lẹ́yìn náà ni ó gbé kẹ́tù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì da omi sílẹ̀ láìbéèrè.

"Kí ló ń wá nínú omi?" Màmá bi mí.

"Ìbọn ni, Màmá."

"Kó yáa wá a lọ sínú òkun. Omi pọ̀ níbẹ̀."

Nítorí ìdádúró yẹn, oòrùn ti wọ̀ nígbà tí a dé ilé náà. Ó dára, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Màlúù nìkan ni aládùúgbò. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ ló tú jáde. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí n óò fi pe onílé. Màmá ti ká apá aṣọ sókè, ó ń dúró de omi tí yóò fi kírun Mọ̀gíríbì. Mo ní kí ó fi yẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá.

"Nínú ilé tí onílé ní omi wà? N kò ní purọ́ fún Ọlọ́run. Pupa ojú ọ̀run ń lọ o, àkókò ìrun fẹ́ kọjá, ọkọ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá áyọ́ọ̀nù. Kí ni "press" tí ó gbóná tún lè jẹ́? Mo rí i lábẹ́ àtẹ̀gùn, irú èyí tí à ń bu omi sí, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo yí i, mo mì í, mo wo ìdí rẹ̀. Omi díẹ̀ kán sí mi ní bàtà.

Ìyàwó mi gbé ẹrù wọlé. "Dádì, aṣọ ta lẹ fẹ́ lọ̀ nínú igbó yìí?"

"Omi ni mò ń wá. Ó ní inú hot press ló wà."

Ó wò mí, ó wo áyọ́ọ̀nù, ó jókòó sórí ẹrù, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó táwẹ́ẹ̀lì sí nílé ńkọ́? Hot press ni gbogbo àdúgbò ń pè é! Dádì, ṣé Dublin yìí náà lẹ ń gbé?"

Òkè ni kọ́bọ́ọ̀dù náà wà, táńkì omi gbígbóná nínú rẹ̀, kọ́ọ̀kì tí a fi ń ṣí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Mo yí i, gbogbo ilé kùn, omi sì dé. Màmá kírun kí pupa ojú ọ̀run tó parẹ́ tán.

Bí ó ti ń ká ẹní, mo búra pé n óò kọ ìwà òṣìṣẹ́ náà síta.

"Kọ ọ́," ó ní. "Ẹni tó da omi mi nù kò gbọ́ èdè mi. Ṣùgbọ́n kọ ti ẹni tó gbọ́ èdè òyìnbó, tó wá ń fún omi lára áyọ́ọ̀nù, mọ́ ọn."

Mo ti kọ méjèèjì. Títí di òní, kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì nítorí ti kẹ́tù.