Èdìdì Tí Ìnáyàt Kò Lè Tẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni Ìnáyàt Sarhan fi kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, níbi tí a ti ń kọ orúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀, nítòsí Damanhur ní Íjíbítì. Èmi wà ní wíńdò kẹta. Ìwé ìdílé ni mo ń fún àwọn èèyàn, mo sì ń gba èébú lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn mi ni Ìnáyàt jókòó sí. Èdè kọ̀ǹpútà kan ló fi kọ ètò tó ń darí iṣẹ́ wa, àmọ́ èdè mìíràn ni àwọn àṣẹ tó ń lọ bá àká orúkọ inú kọ̀ǹpútà, ó há wọn sáàárín rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn há tàámíyà, àkàrà ẹ̀wà wa, sínú búrẹ́dì. Mú wá. Yí padà. Pa rẹ́. Àwọn àṣẹ náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní “níbi tí” tirẹ̀, tó máa sọ ẹni tí àṣẹ náà kàn àti ẹni tí kò kàn. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn alààyè ń wá sí wíńdò mi, kọ̀ǹpútà á ní wọ́n ti kú. Akọ̀wé kan tó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ ikú ẹni kan sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ọ̀gá wa fún Ìnáyàt ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó kọ àṣẹ kan: ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ bá ti ẹni tó wà láàyè mu, kí kọ̀ǹpútà yọ ikú kúrò lórí rẹ̀. Kò fi ọjọ́ ìbí sí i. Ó fi èdìdì dì í, ìyẹn bọ́tìnnì tí a bá ti tẹ̀, àṣẹ kò ṣeé yí padà mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àṣà wa ló gbàgbé. Bí ọmọ bá kú lágbègbè wa, orúkọ rẹ̀ la máa ń sọ àbúrò tó bá tẹ̀ lé e. Ìnáyàt fúnra rẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ló ń jẹ́! Inú bí mi sí i nítorí ìyẹn, inú ṣì ń bí mi.

Ìyá Rifat ló là wá lójú, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Ó na ìwé ìdílé rẹ̀ sí mi láti ojú wíńdò. Rifat méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, èkejì jẹ́ mọ́kàndínlógún.

Mo ní, “Màmá, èwo ni ọmọ yín?”

“Ọmọ mi làwọn méjèèjì. Àkọ́kọ́ kú sódò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.”

Mo mú un wọlé lọ bá Ìnáyàt. Ìnáyàt sáré kọ àṣẹ “mú wá”, ó fi ọjọ́ ìbí sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá òkú ọmọ ló tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn wà láàyè, wọ́n ń dàgbà lọ́dọọdún. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà náà.

“Èmi ni mo jí wọn dìde,” ló wí.

Mo bi Ìyá Rifat pé, “Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ọdọọdún ni mo ń gba ìwé náà kí n lè rí ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ológun kọ̀wé pè é, mo ní ó wà ní Líbíà, ó ń ṣe bíríkìlà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe èyí tó wà láàyè báyìí. Ọ̀la ló máa lọ. Òfin ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo kì í lọ sógun, ìwé yìí sì ní méjì ni mo ní. Ọmọ mi, bá mi mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò.”

Ìnáyàt kọ àṣẹ náà: yí i padà sí òkú, níbi tí ọjọ́ ìbí ti jẹ́ báyìí báyìí. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣẹ náà lọ, ó ku èdìdì.

Ìyá Rifat béèrè pé, “Ṣé o ṣì lè dá a padà?”

Ìnáyàt ní, “Bí mi ò bá tíì dì í, ó ṣeé ṣe. Bí mo bá dì í, ó parí.”

Ìka Ìnáyàt wà lókè bọ́tìnnì, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí àṣẹ bá sì ti wà láìní èdìdì báyẹn, ó ti gbá àká orúkọ mú nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè lò ó. Gbogbo wíńdò há. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níta.

“Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé kọ̀ǹpútà yín tún ti kú ni?”

“Wọ́n ti lọ jẹ ẹ̀wà!”

Ìnáyàt ń sunkún. “Màmá, mi ò lè pa á.”

“Ta ló ní kí o pa á?” Ìyá Rifat fa àga sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. “Oko òwú ni mo wà nígbà tó kú lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mo wà níbí lọ́tẹ̀ yìí.”

Wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́ ni.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo wíńdò. “Ó ti ṣiṣẹ́ o!” ni ẹnì kan kígbe níta, gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Rifat jókòó síbẹ̀ títí àtẹ́wọ́ náà fi dákẹ́, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.